Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí ilé tuntun tí a kò tíì kó wọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin oníbàárà wa.

Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ yín kò dùn sí mi. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí mo ti ní a ó kó ilé iyán wa kúrò ní Ìjìgbò lọ sí Adébáyọ̀, níbí ní Adó-Èkìtì, síbẹ̀ abẹ́ páànù yìí náà lẹ ṣì ń bá wa, tí ẹ ń dúró kí ẹnìkan jẹun tán kí ẹ tó rí àga. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí pé owó ló tán lọ́wọ́ èmi Bàbá Oníyán. Owó kò tán. Ilé ti parí, a ti kùn ún, fáànù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ìwé ni kò tíì jáde.

Ìwé méjì ló wà, èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ni àṣẹ láti kọ́lé, èyí tí wọ́n ń lù ní òǹtẹ̀ sára plánì. Èkejì ni àṣẹ láti wọlé, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti wò ó bóyá ohun tí a kọ́ bá ohun tí wọ́n fọwọ́ sí mu. Ìwé òfin ìkọ́lé Nàìjíríà ti ọdún 2006 náà béèrè fún un.

Ohun tó ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ gbà mí láyè. Ilé ilẹ̀ ló wà nínú plánì wa. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, n kò sẹ́, kí n lè ní gbọ̀ngàn fún ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n mo pe ẹni tó ya plánì kí n tó ṣe é. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀. Mo ní, "Ṣé kò ní mú wàhálà wá?" Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ tún un yà." Ó gba owó àtúnyà, ó gba owó ọkọ̀, ó jẹ iyán méjì lé e pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Títí di òní, plánì tuntun kankan kò dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí i. Bí mo bá pè é, fóònù á dún títí, kò ní gbé e. Ọmọ tí kì í sanwó oúnjẹ lọ́dọ̀ mi!

Báyìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, tí wọ́n ka àjà: ọ̀kan lórí ìwé, méjì lójú. Àmì pupa tí ẹ rí lára ògiri wa nìyẹn. Wọn kò fẹ́ wó ilé mi o, bí wọ́n ṣe ń sọ kiri Adó. Wọ́n ní kí n dáwọ́ dúró kí n wá ṣàlàyé ni.

Àwọn kan ní kí n wọlé ná, kí n máa bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ rántí ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ó lé ní ogójì èèyàn tó kú, wọn kò sì tíì kọ́ ọ parí. Tèmi, ijó ìyàwó ni wọ́n máa jó lókè rẹ̀. Èmi kò lè sùn sórí ìyẹn.

Ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí ti wá. Ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò, ó fi irin kan tẹ àwọn òpó láti mọ agbára wọn, ó ní ká fi àtẹ̀gùn kejì kún un. Odó kò gbọdọ̀ gòkè, ìsàlẹ̀ la ó ti máa gúnyán. Ìyókù di ọwọ́ ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ fún gbọ̀ngàn, owó yín wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó wá pẹ̀lú rìsíìtì, n kò ní bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè ọjọ́ tí a ó ṣí i, n kò fẹ́ parọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Iyán wà lójoojúmọ́ ní Ìjìgbò. Bí òjò bá ṣú, ẹ má jókòó sí apá ọ̀tún, páànù ibẹ̀ ń jò.

Èmi ni, Bàbá Oníyán