Lẹ́tà sí Ìyá Tóbi ní Denver, lórí jákẹ́ẹ̀tì softshell fún òkè yìnyín

Inverness, Skọ́tlándì,
Oṣù Kọkànlá.

Ìyá Tóbi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Tóbi, mo sì kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, bí òtútù tilẹ̀ ti wọlé dé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn gan-an láti gbọ́ pé ìwọ àti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà yìnyín rìn ní Rocky Mountain National Park ní Colorado níbẹ̀ láti oṣù Kejìlá, àti pé bí ó bá ti mọ́ yín lára tán, ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń fi sikí, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí a ń dè mọ́ bàtà, gun òkè. Àwòrán jákẹ́ẹ̀tì softshell méjèèjì, ìyẹn jákẹ́ẹ̀tì òde tó rọ̀ tó sì ń fà, tí o fi ránṣẹ́ ni mo tẹjú mọ́ jù. O ní ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù náà gbà ọ́ níyànjú pé kí o mú èyí tó nípọn, nítorí pé atẹ́gùn kò lè gbà á kọjá rárá, omi kò sì lè tètè wọ inú rẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni kí o rà, màá sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí kì í ṣe owó kékeré ni wọ́n ń tà wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Orúkọ kan náà ni jákẹ́ẹ̀tì méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò bára mu. Èyí tó nípọn ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ sáàárín aṣọ òde àti aṣọ inú, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Èyí tó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ni Windstopper tí ilé iṣẹ́ Gore ń ṣe. Ní 1969 ni Bob Gore ṣàwárí bí a ṣe lè na ike PTFE títí yóò fi di awọ oníhò tíntìntín, inú ìmọ̀ yẹn sì ni Gore-Tex àti Windstopper ti jáde. Jákẹ́ẹ̀tì kejì kò ní awọ kankan ní tirẹ̀. Òwú náílọ́ọ̀nù ni wọ́n hun pọ̀ mọ́ òwú tó ń fà, wọ́n sì hun ún mọ́ra débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú atẹ́gùn ni yóò dúró síta, àmọ́ tí díẹ̀ yóò ṣì máa gba àárín òwú kọjá. Díẹ̀ tó ń kọjá yìí ni ẹni tó ń tajà kà sí àbùkù. Òun gan-an ni mo fi ní kí o rà á.

Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Omi máa ń gba ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe ń gbà á lọ, kò sì di dandan kí omi náà ti ojú ọ̀run wá. Nígbà tí o bá ń gun òkè nínú yìnyín pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ara rẹ yóò gbóná gidigidi, ẹni tó bá sì wọ aṣọ jù lè làágùn tó lítà kan láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Bí òógùn yẹn kò bá rí ọ̀nà jáde, aṣọ inú rẹ yóò rin gbingbin, ìwọ kò sì ní kà á sí níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń rìn, torí pé iṣẹ́ tí ara ń ṣe ń pèsè ooru. Ìgbà tí ẹ bá dúró láti jẹun, tàbí tí ẹ dúró de ẹnì kan tó ti rẹ̀, ni ooru yóò lọ sílẹ̀, tí aṣọ tútù yẹn yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ, tí ìwọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹni tó ti ń gbọ̀n kì í lè de okùn bàtà dáadáa, kì í lè ka máàpù, kì í sì í tètè ronú ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bí òtútù ṣe ń ṣe àwọn èèyàn léṣe lórí òkè nìyẹn, kódà lábẹ́ aṣọ tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù.

Lóòótọ́, awọ inú jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn náà ń jẹ́ kí ọ̀rinrin ara jáde. Àwọn tó ṣe é kò purọ́ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rinrin ń wọ́ gba inú awọ kọjá, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń gba inú aṣọ fífẹ́lẹ́ ń gbé e lọ bó ṣe ń jáde lára. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, òun ni yóò pinnu bóyá ẹ̀yìn rẹ yóò gbẹ tàbí yóò rin.

O lè fi ẹnu ara rẹ dán an wò kí o tó sanwó. Di apá jákẹ́ẹ̀tì náà mú, fa aṣọ náà kó le, gbé ẹnu lé e pẹ́kípẹ́kí, kí o wá fi àtẹ́lẹwọ́ kejì sí òdìkejì aṣọ náà, kí o sì fẹ́ atẹ́gùn sí i gidigidi. Bí ó bá jẹ́ oníawọ ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ yóò wú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ kò sì ní mọ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí mo ń sọ, wàá ní láti fi agbára fẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni ooru èémí rẹ yóò wá kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ ní ìwọ̀nba. Bí èémí bá kọjá wéré láìsí wàhálà, ó ti fẹ́lẹ́ jù fún ibi tó wà ní gbangba. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ ìwọ̀n yìí síta, CFM ni wọ́n ń pè é, ìyẹn iye afẹ́fẹ́ tó ń gba inú aṣọ kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti oníawọ máa ń wà ní 0 tàbí 1. Èyí tó bá wà láàárín 5 sí 20 ni èmi máa ń yàn fún ìgbà òtútù. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹnu rẹ tó ẹ̀rí.

Má ṣe rò pé mo fojú kéré atẹ́gùn o. Orí òkè Cairn Gorm, tí kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé, ni wọ́n ti wọn atẹ́gùn tó ń sáré ní máìlì 173 láàárín wákàtí kan ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1986, ìyẹn ni kìlómítà 278. Atẹ́gùn kékeré pàápàá lágbára: bí ojú ọjọ́ bá wà ní −10°C, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, bí −21°C ni yóò ṣe rí lára ojú tí a kò bò. Nítorí èyí, kì í ṣe softshell nìkan ni wàá gbé lọ. Jákẹ́ẹ̀tì òjò tó fúyẹ́, tó dí pátápátá, gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì rẹ, kí o lè gbé e wọ̀ sórí rẹ̀ bí ẹ bá ti jáde kúrò láàárín igi, tàbí bí ìjì bá dé. Iṣẹ́ dídí pátápátá, jákẹ́ẹ̀tì òjò ni ká fi í sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá ra softshell oníawọ ti ra aṣọ kan tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: kò mí tó, kò sì tún dí tó jákẹ́ẹ̀tì òjò, torí pé ojú rírán ni omi máa ń gbà wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ohun tó tilẹ̀ mú kí ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ ni ibi tí o wà. Òtútù tiwa níbí, olómi ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ojú ọjọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 0°C sí 2°C, tí yìnyín ń yọ́, tí òjò sì ń wẹ́ lé e lórí, jákẹ́ẹ̀tì òjò kì í sì í pẹ́ nínú báàgì kí a tó fà á yọ. Ti Colorado gbẹ. Ìwọ náà rántí bí aṣọ tí a sá nígbà ọyẹ́ ní Ìlọrin ṣe máa ń gbẹ kí a tó fọ èyí tó kù tán. Afẹ́fẹ́ tiyín níbẹ̀ fẹ́ràn láti gba omi bẹ́ẹ̀. Yìnyín tó bá bọ́ lé èjìká rẹ yóò jẹ́ lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ tí o lè fi ọwọ́ gbọ̀n dànù. Oòrùn náà sì le lórí òkè yín, débi pé ẹni tó ń gbọ̀n lábẹ́ òjìji igi lè máa làágùn bó bá rìn díẹ̀ bọ́ sí ìta. Ọ̀nà tí o dárúkọ, láti Bear Lake tó ga tó nǹkan bí mítà 2,880 lọ sí Emerald Lake tó ga ju mítà 3,000 lọ, àárín igi ló gbà lọ́pọ̀ jù. Aṣọ tó ń mí, tó sì ń tètè gbẹ, ni ibẹ̀ ń fẹ́.

O béèrè bóyá síìpù abíyá ṣe pàtàkì. Lára aṣọ tó fẹ́lẹ́ tó báyìí, kò pọn dandan, ńṣe ni yóò kàn fi ìwúwo kún un. Mo fẹ́ kí o fi ojú tó o fi ń wá ìyẹn wo ìborí tó so mọ́ ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà. Wọ ìborí náà lé akoto lórí, fa síìpù dé àgbọ̀n, kí o wá yí orí sí ọ̀tún àti òsì. Ìborí tó dára yóò bá ọ yí. Èyí tí kò dára yóò dúró síbi tó wà, ojú rẹ kan yóò sì máa wo aṣọ. Kí okùn kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀ tí o lè fà kí ó fún mọ́ orí rẹ nígbà tí o kò bá dé akoto. Lẹ́yìn náà, na apá méjèèjì kọjá orí. Bí etí ìsàlẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì bá gòkè títí ẹ̀yìn rẹ fi hàn, tàbí tí apá rẹ̀ bá fà sẹ́yìn kúrò lọ́rùn ọwọ́, fi í sílẹ̀ fún wọn, torí ibi tí ìbọ̀wọ́ àti apá aṣọ ti pàdé gan-an ni yìnyín máa ń bá wọlé. Ní ti àpò, kí ó wà lókè ibi tí ìgbànú báàgì ń gbà kọjá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ yòò dára, nítorí pé ó rọrùn láti rí lórí yìnyín bí wọ́n bá ń wá èèyàn.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Jákẹ́ẹ̀tì tí mò ń sọ yìí sábà máa ń wúwo láàárín gíráàmù 250 sí 400, nígbà tí oníawọ tó ní irun nínú lè kọjá 600. Irun inú yẹn dùn mọ́ ara ní ṣọ́ọ̀bù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ooru tí wọ́n rán mọ́ aṣọ kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tí inú rẹ̀ dán ni kí o mú, kí ooru sì wá láti ara aṣọ mìíràn: ẹ̀wù inú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irun àgùntàn merino tàbí pọliẹ́sítà, kí ó má ṣe jẹ́ aṣọ òwú rárá torí pé ó ń mu òógùn kì í sì í tètè gbẹ, lẹ́yìn náà, jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ́ tó wú nínú báàgì. Gbàrà tí ẹ bá dúró ni kí o gbé oníyẹ́ yẹn wọ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí, kí òtútù tó mú ọ. Níbi tí ẹ bá páàkì mọ́tò sí, kí o jẹ́ kí òtútù mú ọ díẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Bí ara rẹ bá ti móoru níbẹ̀, aṣọ ti pọ̀ jù lára rẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n fi ń pa ojú aṣọ náà tí omi fi máa ń dì ní kókó kókó tí yóò sì yí dànù. PFAS, àwọn kẹ́míkà kan tí kì í tètè jẹrà, ni wọ́n ń fi ṣe é tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń ba omi àti ilẹ̀ jẹ́, California sì ti fi òfin dè é nínú ọ̀pọ̀ aṣọ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025. Mo fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í lé òróró ara àti ìpara oòrùn tó ti àtijọ́, nítorí náà, kí o máa fọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ déédéé, pẹ̀lú ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀, èyí tí Nikwax ń ṣe wà káàkiri. Má fi ohun tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Bí o bá fọ̀ ọ́ tán, fi í sínú ẹ̀rọ ìgbẹ-aṣọ ní ooru kékeré bí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá fàyè gbà á. Ooru yẹn ló ń jí oògùn náà.

Nínú lẹ́tà rẹ, mo rí i pé èyí tó fẹ́lẹ́ fi owó gidi rẹlẹ̀ sí èkejì. Jọ̀wọ́, má ná owó tó bá ṣẹ́kù sórí nǹkan ọ̀ṣọ́ kankan. Fi í pamọ́ fún ẹ̀kọ́ nípa yìnyín tó ń ya lulẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sikí, kí ẹ sì máa ka ìkìlọ̀ tí Colorado Avalanche Information Center ń gbé jáde lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù.

Wọ́n ṣì lè fẹ́ yí ọ lọ́kàn padà bí o bá padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Mú ẹ̀wù inú rẹ, ìbọ̀wọ́ rẹ àti báàgì rẹ dání, gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀ pọ̀, kí o sì béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fún ọ láti dá a padà bí kò bá bá ọ mu. Bí ẹ bá ti dé láti Emerald Lake, kọ̀wé sí mi, kí o sọ bí ẹ̀yìn rẹ ṣe rí nígbà tí o bọ́ báàgì sílẹ̀, bóyá ó gbẹ tàbí ó rin, kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀wù inú rẹ ló kù tí a máa pààrọ̀.

Ayọ̀mídé ní kí n kí Tóbi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Ayọ̀mídé.