Baba Wa Kò Jẹ Yín Ní Gbèsè: Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́ Ní Iléṣà

Ẹ̀yin ọmọ mi lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Iléṣà, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ti gbé lọ sí Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun,

Mo kí yín o. Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìwé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, Olúwa yóò ṣí ọ̀nà fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tọ́mọ, ẹ kú ìtọ́jú, ọwọ́ yín ni wọn yóò bá.

Ohun kan ṣoṣo ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń gbàdúrà. Ẹ lè ṣàìsùn, ẹ lè gbààwẹ̀, ohùn yín sì ń dé ọ̀nà jíjìn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá fetí sí ohun tí ẹ ń sọ gan-an, ó ń ṣe mí bíi pé ẹni tó jẹ yín lówó ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. "Olúwa, mo ti gbààwẹ̀. Mo ti san ìdá mẹ́wàá. Mo ti sìn nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré. Tèmi dà?"

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ òṣómàáló. Àwọn bàbá wa ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n tà á láwìn, wọ́n ní kí oníbàárà máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò yọjú, wọn a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde àfi bí owó bá jáde. Òwò tó níyì ni. Owó rẹ̀ ló rán ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ìlú yìí lọ sílé ẹ̀kọ́, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú mi. Àmọ́ ohun tó tọ́ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà kò tọ́ nílé bàbá ẹni. Ọmọ kì í lóṣòó síta de bàbá rẹ̀. Ó ń wọlé ni.

Ẹ bá mi ṣí Lúùkù orí 15. Ti àbúrò tó gba ogún tirẹ̀, tó lọ ná an nínà àpà títí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ̀ ọ́ lójú, a ti gbọ́ ìwàásù rẹ̀ yó. Ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ kí ẹ wò, nítorí òun ló jọ wá, àwa tí a bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí a mọ orin kí wọ́n tó dá a, tí a kò lọ síbì kankan rí. Ọkùnrin yìí ti oko dé, ó gbọ́ ìlù, ó gbọ́ ijó, ó sì kọ̀ láti wọlé. Ó dúró síta, ó ń ka iye ọdún tó ti fi sìn, ó ń ka àṣẹ tí kò rú, ó ń ka ọmọ ewúrẹ́ tí wọn kò fún un rí. Ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa: kò sí ibi tó ti pe bàbá náà ní Baba. Àbúrò tó ba orúkọ ilé jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jí lójoojúmọ́ nínú ilé náà ń sọ̀rọ̀ bí alágbàṣe tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Kí ni bàbá náà wá ṣe? Ó fi àlejò sílẹ̀ nídìí àsè, ó jáde sí i, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, kí bàbá máa bẹ ọmọ níta gbangba lójú àwọn ìránṣẹ́. Ó wí fún un ní ẹsẹ 31 pé ìgbà gbogbo ló wà lọ́dọ̀ òun, àti pé gbogbo ohun tí òun ní, tirẹ̀ ni. Ẹni tó ń ṣírò ewúrẹ́ kan, gbogbo agbo ni tirẹ̀, kò kàn mọ̀. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí Ọlọ́run ń retí lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ yẹn ni n ó nà yín sí. Ó ń retí pé kí a mọ̀ pé ọmọ ni wá, kí a wọlé, kí a jókòó ti òun, kí ohun tó ń dùn mọ́ òun nínú sì máa dùn mọ́ wa nínú. Àwọn nǹkan tí a ń tọrọ kò burú. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a bèèrè. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá fẹ́ gbowó nìkan ló ń kí bàbá rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí ẹ ó pè é.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo mọ̀ láti kékeré wá bá mi. Wọn kò fún un ní físà, ìgbà kejì sì nìyẹn. Ó ní òun kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, nítorí òun kò rí èrè kankan nínú gbogbo ìsìn òun. Mo jẹ́ kó sọ tinú rẹ̀ tán, nítorí ẹ̀dùn ọkàn ni, kì í ṣe àfojúdi. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Ká ní físà náà jáde lánàá, kí ni ìwọ àti Ọlọ́run ì bá tún máa bá ara yín sọ?" Kò rí èsì fún mi. Mo ní kó máa wá bá mi ní ìdájí, kí àwa méjèèjì máa gbàdúrà láìtọrọ ohunkóhun: kí a ka Sáàmù kan, kí a dúpẹ́, kí a dákẹ́, kí a dìde. Ó nira fún un gan-an níbẹ̀rẹ̀. Kò mọ ohun tí ẹnu ń sọ bí kò bá tọrọ. Mo gbà yín níyànjú kí ẹ̀yin náà dán an wò.

Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe etí gbogbo yín ni ọ̀rọ̀ nípa bàbá ti ń dùn. Òmíràn nínú yín, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀, tó ń ta ata ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà kí owó ilé ìwé lè pé; bàbá ti lọ láìwẹ̀yìn. Òmíràn, bàbá wà nílé, ẹgba ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní Ọlọ́run ni Baba rẹ, àyà rẹ ń já. Ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé irú bàbá yẹn náà ni, tó kàn tóbi jù ú lọ. Onísáàmù kọ ọ́ sí orí 27, ẹsẹ 10, pé bí bàbá àti ìyá bá kọ òun sílẹ̀, Olúwa yóò tẹ́wọ́ gba òun. Orí 68 pè é ní Baba aláìníbaba. Jésù náà sọ nínú Mátíù 7:11 pé bí àwa ènìyàn búburú bá mọ bí a ti í fún ọmọ wa ní ohun rere, mélòómélòó ni Baba tó wà lọ́run. Ibi tí oore bàbá tó dára jù lọ ní Iléṣà bá pin sí, ti Ọlọ́run kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. O lè sunkún níwájú rẹ̀. Kò ní sọ pé ọkùnrin kì í sunkún.

Àwọn àgbà ní ẹni bíni là ń jọ. Ibo ni ọmọ Ọlọ́run ti ń jọ ọ́? Ọ̀pọ̀ yín yóò ní nínú fífi èdè tuntun sọ̀rọ̀, nínú iṣẹ́ ìyanu, nínú agbára. Jésù dáhùn ìbéèrè yìí fúnra rẹ̀ nínú Mátíù 5:44 àti 45. Ó ní kí a fẹ́ràn ọ̀tá wa, kí a gbàdúrà fún ẹni tó ń ṣe inúnibíni sí wa, kí a lè jẹ́ ọmọ Baba wa, nítorí ó ń mú oòrùn ràn sára ẹni búburú àti ẹni rere, ó sì ń rọ òjò fún olódodo àti aláìṣòdodo. Yorùbá wo òjò, wọ́n ní kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Jésù wo òjò kan náà, ó ní Baba òun mọ gbogbo wọn lójú, ó mọ ẹni tó burú àti ẹni tó dára, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ rọ̀ ọ́ fún wọn.

Ibí yìí gan-an lọkàn mi ti wúwo. Mo ń gbọ́ àdúrà òru yín. "Ọ̀tá ilé bàbá mi, kú! Kú! Kú!" Ta ni ọ̀tá ilé bàbá náà? Bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun, a ó bá ìyá àgbà kan lábúlé, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tó jẹ́ pé òun ló pọn bàbá yín dàgbà. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní wòlíì ló ní òun ló di kádàrá yín mú. Láti ọjọ́ náà ẹ kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ kò jẹ nínú àmàlà rẹ̀, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ti dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ti ìgboro dé abúlé, ó ń bi í pé kí lòun fi ṣe àwọn ọmọ òun.

N kò sọ pé kò sí ìkà láyé o. Ìkà wà, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tó ń ṣi orúkọ pè, tó ń rìn jáde láìmọ ibi tó ń lọ, àìsàn tó ń bá ọjọ́ ogbó rìn ni lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà ló sì yẹ kó rí i. Ká tilẹ̀ ní ó jẹ́ ọ̀tá yín ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ Jésù kò yí padà. Ẹ kò lè máa pe Ọlọ́run ní Baba láàárọ̀, kí ẹ máa bẹ̀ ẹ́ lóru pé kó bá yín pa ìyá bàbá yín.

Ẹ lè sọ pé ìlú ìsọjí ni ìlú wa, pé àdúrà líle ni wọ́n fi kọ́ ọ. Òótọ́ ni. Kí ẹ mọ bó ṣe rí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, oníwàásù tí Ọlọ́run lò fún ìsọjí náà, kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run lọ́dún 1928, nítòsí Ìkéjì-Arákéjì, lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì fi í sílẹ̀. Lóṣù keje ọdún 1930, Òkè-Ooye ní Iléṣà níbí, níbi tó ti ń wàásù, kún fún èrò láti ìlú dé ìlú. Wọ́n gbé aláìsàn wá, wọ́n gbé omi wá kó gbàdúrà sí i. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, abọ̀rìṣà wà níbẹ̀. Àánú Baba kò béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìjọ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó rí ìwòsàn sì kó oògùn àti oǹdè wọn jáde, wọ́n dáná sun ún, nítorí ẹni tó ti rí Baba kò tún ní ohun tó ń fi wọ́n dẹ́rù ba ẹlòmíràn.

Ó ń dùn mí pé oǹdè náà ti ń padà wọlé lábẹ́ orúkọ mìíràn. Mo rí ìgò òróró tí wọ́n so mọ́ iwájú ọkọ̀, mo rí áńkáṣíìfù tí wọ́n fowó gidi rà tí wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Òróró inú Bíbélì wà fún àdúrà lórí aláìsàn, Jákọ́bù 5:14 sọ bẹ́ẹ̀. Baba kò ta ojú rere rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń gbowó kó tó gbàdúrà fún yín, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, n kò ní pẹ́. Mátíù 6:32 ní Baba yín mọ̀ pé ẹ nílò oúnjẹ àti aṣọ. Ẹ máa ránṣọ, ẹ máa ṣòwò, ẹ máa fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ gidi, ẹ máa kọ́lé fún ènìyàn. Ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu opó kan ní jìbìtì ní Amẹ́ríkà, ọmọ Baba náà ni opó yẹn, òórùn owó náà kò sì ní lọ nítorí pé wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sórí pẹpẹ. Ẹ̀yin alàgbà tó bá ń ka ìwé yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, tí ẹ mọ orísun owó náà tí ẹ sì gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Bí nǹkan bá sì le fún yín, ẹ má yára sọ pé inú ló ń bí Baba. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí afọ́jú tí wọ́n bi Jésù léèrè ẹ̀ṣẹ̀ ta ni, ó ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn òbí rẹ̀. Jòhánù 9:3 ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún mi nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà tí ẹ ti ń sá fún wọkọ̀ lọ sí abúlé. Ẹ ra búrẹ́dì àti ẹja, ẹ ra oògùn rẹ̀ tó ti tán. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i bó ti yẹ. Bó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, ẹ gbàdúrà sí i, kí ẹ sì jẹ ẹ́. Ẹ bi í bí ojú rẹ̀ ti rí, kí ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn tó bá fẹ́ sọ. Kí ẹ tó dìde, ẹ gbàdúrà fún un ní orúkọ Jésù, kó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu yín fún rere. Ẹ bá mi kí i.

Èmi ni bàbá yín nínú Olúwa,
Ìṣọ́kùn, Iléṣà.