Ẹ Jẹ́ Kí A Rí Àwọn Tó Ń Ká Àjàrà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn fọ́tò ọgbà àjàrà Stellenbosch àti Franschhoek, ní orílẹ̀-èdè South Africa, tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí. Àwọn fọ́tò náà wuyì púpọ̀: òkè ńlá wà lẹ́yìn, àjàrà tò lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́ níwájú, àgbá onígi sì kún inú ilé ọtí. Ṣùgbọ́n mo wò wọ́n tán, n kò rí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀. Kámẹ́rà ni èmi náà fi ń jẹun, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí.

Kùtùkùtù òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀ tó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sára ewé, ni ayàwòrán máa ń fẹ́ dé ọgbà àjàrà. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ká èso lásìkò ìkórè, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, kí ooru tó mú. Ẹni tí kò bá yà wọ́n, ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ yí kámẹ́rà kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n ti ń fún wáìnì ní Cape, agbègbè tí àwọn ọgbà wọ̀nyí wà, láti ọdún 1659. Ẹrú ló ń ṣe iṣẹ́ náà títí òfin fi dá wọn sílẹ̀ ní 1834, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sin olówó wọn títí di 1838. Àwọn olóko tún máa ń fi ọtí san apá kan owó iṣẹ́, àṣà tí wọ́n ń pè ní "dop", tí òfin ti kà léèwọ̀ tipẹ́, àmọ́ tí ìpalára rẹ̀ kò tíì tán lára àwọn ọmọ tí ìyá wọn mutí nígbà oyún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn òṣìṣẹ́ oko àjàrà ní De Doorns, ìlú kan ní agbègbè náà, daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé rándì 69, owó South Africa, ni owó ojúmọ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin. Ní 2013 ni ìjọba sọ ọ́ di 105.

Ohun tó yẹ ní yíyà pọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ká àjàrà: ó fi ọwọ́ òsì gbé ìdí òṣùṣù èso náà ró, ó fi àlùmọ́gàjí kékeré gé e, oje ti wọ gbogbo abẹ́ èékánná rẹ̀. Nínú ilé ọtí, bí wáìnì pupa bá ń hó, èèpo èso á léfòó, òṣìṣẹ́ á sì máa fi ọ̀pá tì í wálẹ̀ léraléra lójúmọ́, nínú afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó lè pa ènìyàn bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí.

Ẹ ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kan pé Abraham Perold ló mú irú àjàrà Pinotage jáde ní 1925, ìyẹn sì dára. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ti àwọn tó ń kórè lọ́wọ́ ayàwòrán, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kó tó yà wọ́n, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn síbẹ̀ bí wọ́n bá gbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayàwòrán kan, Ìbàdàn