Fọ́tò kan ṣoṣo kò tó fún ojú tó ní retinitis pigmentosa

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ẹnì kan kì í bá ríran mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kò sì rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ retinitis pigmentosa, àìsàn ìdílé tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ́tínà, awọ tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú. Fọ́tò aláwọ̀ kan ni wọ́n sábà máa ń yà fún irú wọn. Àmì dúdú wẹ́ẹ́rẹ́ bí eegun ẹja á hàn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Kò yẹ kó tán. Àmì dúdú yẹn kì í tètè yọ, kò sì lè sọ iye sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù. Àyẹ̀wò OCT, tó ń ya àwòrán rẹ́tínà ní ìpele-ìpele bí ẹni gé e wò, ló lè sọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni ẹ̀rọ náà ń lò, kò sí abẹ́rẹ́, kò sì sí ohun tó ń kan ẹyinjú. Ìlà tó yẹ kí wọ́n wá ni ellipsoid zone, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ àwòrán náà. Ibi tó bá gùn dé ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣì wà láàyè dé. Etí ni àìsàn náà ti máa ń jẹ ìlà yìí wọ àárín. Kí wọ́n wọn ìlà náà ní micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀ lójú ibi kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà. Bí ibi tí wọ́n wọ̀n bá yẹ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ tó máa jáde lè máà jẹ́ ti àìsàn rárá.

Ojú gbígbẹ máa ń ba àwòrán jẹ́: kí aláìsàn ṣẹ́jú dáadáa kí wọ́n tó yà á. Kátárátì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àìsàn yìí. Àwọ̀ pupa tí kọ̀ǹpútà ń kùn láti fi hàn pé rẹ́tínà ti fẹ́lẹ́ kò ṣeé gbára lé, torí bí rẹ́tínà bá ti fẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà náà máa ń fa ìlà tó fi ń wọ̀n ọ́n gba ibi tí kò yẹ. Kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ wò ó.

Omi tó ń gbára jọ sí àárín rẹ́tínà ló mú wa pariwo jù. Fọ́tò lè má fi í hàn. Lórí OCT, ihò dúdú kéékèèké ni. Ó sì ní oògùn: dorzolamide tí wọ́n ń kán sójú, tàbí acetazolamide oníhóró. (Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó sọ fún dókítà kó tó gbé acetazolamide mì.) Luxturna, ìtọ́jú jíìnì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2017, tó wà fún àwọn tí jíìnì RPE65 wọn bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, kò wúlò bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kú tán. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó lò ó ni bóyá rẹ́tínà ṣì nípọn ju 100 micron lọ lórí OCT.

Ẹ̀yin ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ fáìlì àyẹ̀wò náà sórí fláàṣì fún aláìsàn. Ìlà tí à ń wí yìí kì í hàn lórí bébà tí íǹkì rẹ̀ ti ń tán.

Àwa tó ń ya àwòrán ojú,
Ìbàdàn