Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Fọ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mí ní Ìkòròdú, ó ti lé lógún ọdún. Nígbà kan, ọkọ̀ akérò kan dojú dé nítòsí ẹ̀bútè wa, òkú méjì ni wọ́n gbé jáde. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ọlọ́kọ̀ fi gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá bá mi. Ẹni tó mọṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó bá mu omi ọ̀sà, bí a kò bá tètè fi omi kànga fọ̀ ọ́, ká da ọ́ìlì rẹ̀ nù, iyọ̀ á jẹ ẹ́ tán. Mo fọ̀ ọ́. Ọ̀rá náílọ̀nù ló wé mọ́ pùròpélà, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú, gbọingbọin. Mo fi ọ̀bẹ gé e, mo jù ú sáàtàn. Bóyá ọ̀rá yẹn ló pa ẹ́ńjìnnì náà lójijì kí ìgbì tó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá kọ́. Ta ni yóò mọ̀ báyìí? "Awakọ̀ ló sáré jù" ni gbogbo ẹ̀bútè ń sọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì parí sí. (Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bọ́ lọ́rùn àwọn òkú lọ́jọ́ náà, èrò míràn ti ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kẹta.)

Ní 2022 ni òfin sọ àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù di NSIB, ó fi ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi kún iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè kọ lu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ní Ṣógúnlẹ̀ ní March 2023, wọ́n wádìí rẹ̀. Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni wọ́n ń ṣe é, ohun tó fà á ni wọ́n ń wá. Ó yẹ kí àwọn ọlọ́kọ̀ gbọ́ èyí dáadáa, torí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá wà lára ohun tó ń mú wọn tètè palẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí olùwádìí tó dé, àwa ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà omi, àti ti LASWA, àjọ ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ Èkó, ló sún mọ́ omi jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ ní wákàtí kan náà. Bí fífọ̀ kò bá ṣeé dúró dè, kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ohunkóhun tí a bá gé kúrò.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ nípa ọ̀rá tèmi yẹn, mo ṣì lè júwe bó ṣe wé mọ́ ọn.

Mẹkáníìkì ẹ̀bútè,
Ìkòròdú