Bíà wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà wálé

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ. Ó ti pẹ́ tí ó yẹ kí n kọ̀wé sí ọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kọ̀wé lásán. Mo fẹ́ kí n kọ́kọ́ ní ìròyìn tí ó tó ìròyìn. Ní alẹ́ àná, mo ṣí ìgò kan nínú ìpọntí kọkànlá, mo dà á sínú ife gíga tí o fi sílẹ̀ fún mi, mo sì ń wo ìfófòó rẹ̀ bóyá yóò tètè rọlẹ̀. Kò tètè rọlẹ̀. Ó dúró lórí ọtí náà bí ìbú ìka méjì, ó funfun báláú, ọtí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tòrò débi pé mo rí ìka ọwọ́ mi láti òdìkejì ife. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, àfi kí n wá ibi jókòó sí. Bíà wa ni, ọ̀rẹ́ mi. Kò tíì pé, n ó sì sọ ohun tí ó kù fún ọ, ṣùgbọ́n òun náà ni.

Nínú lẹ́tà rẹ tí ó dé kẹ́yìn, o sọ pé o ti fi ìkòkò rẹ ta ẹnì kan lọ́rẹ, àti pé o kò ráyè pọn ọtí mọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ tuntun yìí ti gbà ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. N kò bá ọ wí, nítorí mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ń gba ènìyàn tọwọ́tẹsẹ̀. Síbẹ̀ ó ká mi lára. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí kọ́ láti ọdún kan tí o ti lọ: ìwé àkọsílẹ̀ wa, tí àwa méjèèjì rò pé kò sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀, ìdajì bíà náà péré ni ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni ìdajì yòókù wà, o sì gbé e lọ.

Omi ni ó kọ́kọ́ fi èyí hàn mí. Ìpọntí mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo ṣe lẹ́yìn tí o lọ, gbogbo wọn ni ó ń rùn bí báńdéèjì ilé ìwòsàn. N kò sì yẹ kúrò nínú ìwé náà: kílò 4.5 mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà báálì tí a mú hù tí a sì yan gbẹ, fún lítà 20, wákàtí kan nínú omi gbígbóná, wákàtí kan lórí iná, òdòdó họ́ọ̀pù tí ń mú bíà korò ní ìgbà mẹ́ta. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì fọ gbogbo ohun èlò wa, mo pààrọ̀ rọ́bà tí a fi ń fa ọtí, mo tú ẹnu ẹ̀rọ àgbá palẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ha inú rẹ̀, mo tún wá fi bílíìṣì fọ àgbá náà tinútẹ̀yìn kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ńṣe ni òórùn náà le sí i.

Bílíìṣì yẹn ni ó là mí lójú. Kílórínì tí ó wà nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, bí ó bá sì pàdé àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní fínọ́ọ̀lù, tí ó ń ti ara èèpo mọ́ọ̀tì àti ara ìwúkàrà jáde, wọn a di nǹkan mìíràn tí ahọ́n ènìyàn máa ń mọ̀ bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ní ìrọ̀lẹ́ tí ó bá ṣáájú ọjọ́ ìpọntí, o máa ń fa omi sínú ìkòkò méjèèjì, o kì í dé wọn, o a sì fi wọ́n sílẹ̀ di òwúrọ̀. Mo ti rò pé o kàn fẹ́ dín iṣẹ́ òwúrọ̀ kù ni. Kílórínì náà ni o ń jẹ́ kí ó bá afẹ́fẹ́ lọ! Èmi tí mo ń fa omi tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ lówùúrọ̀, tí mo sì ń gbé e ka iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sí bí tèmi ṣe lè dà bí tìrẹ. Mo tún kà á pé kílóráámínì, tí wọ́n ń lò dípò kílórínì ní àwọn ibòmíràn, kì í bá afẹ́fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, àti pé hóró oògùn Campden kan ṣoṣo tó láti ká a kúrò nínú nǹkan bí lítà 75. Nítorí náà mo ń ṣe méjèèjì báyìí: omi a sùn mọ́jú, mo sì ń lọ oògùn díẹ̀ sí i. Òórùn báńdéèjì kò padà wá mọ́ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo ra ìkòkò tuntun, irin tí kì í dípẹtà, ó gba lítà 40, ó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ àti tẹmọ́mítà olójú róbótó tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí i bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọtí tí ó ti inú rẹ̀ jáde wúwo lẹ́nu, ó sì dùn jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1.050 bí ó ti yẹ lójú haidirómítà, ohun èlò tí iye rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìwúkàrà bá ṣe ń jẹ ṣúgà inú ọtí, àmọ́ dípò kí ó sọ̀ kalẹ̀ dé 1.010, ó dúró ní 1.018, kò sì mira mọ́. Mo dá ìwúkàrà lẹ́bi, mo ra òmíràn, ìyẹn náà dúró síbi kan náà.

O ṣáà mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù méjì ni ó ń gé sítáàṣì inú mọ́ọ̀tì di ṣúgà. Ọ̀kan fẹ́ràn ooru tí kò ju nǹkan bí 65°C lọ, ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ tán ni ó sì ń gé sílẹ̀. Èkejì kì í ṣiṣẹ́ dójú àmì àfi bí ooru bá ti ń sún mọ́ 70°C, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó bá sì gé ni ìwúkàrà kì í lè jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi yan 66°C fún omi tí a ń rẹ mọ́ọ̀tì sí, kí àwọn méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́. Mo ń wo 66 lójú tẹmọ́mítà náà lóòótọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ru yìnyín fífọ́ pọ̀ mọ́ omi, mo tú tẹmọ́mítà náà kúrò lára ìkòkò, mo sì tì í bọ̀ ọ́. Dípò kí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òdo, ó kọjá òdo sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n mẹ́rin. Mo tì í bọ inú omi tí ń hó, ó dúró ní 96. Ó túmọ̀ sí pé ní gbogbo ìgbà tí mo ń rò pé mo wà ní 66, 70 ni mo wà. Mo wá rántí tẹmọ́mítà onígíláàsì rẹ tí ó gùn bí apá, bí o ṣe máa ń tì í bọ ibi mẹ́ta nínú ìkòkò, tí o a fi igi ro ó, tí o a tún tì í bọ̀ ọ́, tí èmi a sì máa pariwo pé ooru ń lọ. Dárí jì mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti ra irú rẹ̀.

Ti ìdérí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: mo ń dé ìkòkò nígbà tí ó ń hó kí gáàsì má baà tètè tán, ọtí sì ń ní òórùn ewébẹ̀ bíbọ̀, mo ṣí i sílẹ̀, òórùn náà sì bá ooru lọ.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìpọntí kẹfà ni ó sì kàn. Àwọn àlejò ń bọ̀ wá kí wa, mo sì fẹ́ fún wọn ní nǹkan tí ó ní láárí. Haidirómítà fi 1.016 hàn ní ọjọ́ kan, ó fi 1.015 hàn ní ọjọ́ kejì, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti parí. Mo po gíráàmù 130 ṣúgà mọ́ lítà 20 bí a ti máa ń ṣe kí gáàsì lè wà nínú ọtí, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo tẹ ìdérí wọn pa. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹwàá, ìró kan dún ní yàrá ìkẹ́rù bí ìgbà tí ènìyàn yìnbọn. Kí n tó dìde, òmíràn ti dún, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Ìwúkàrà kò tíì jẹ ṣúgà tirẹ̀ tán nígbà tí mo fi ti ìgò kún un, gáàsì rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà àbáyọ. Àfọ́kù ìgò kan wọ inú pákó ilẹ̀kùn ṣinṣin, ní ibi tí orí ọmọ mi máa ń dé bí ó bá dúró níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi wọn ibẹ̀, mo sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ní òwúrọ̀, mo wọ kóòtù nínípọn, mo fi ìbọ̀wọ́ bọ ọwọ́, mo fi awò bo ojú, mo da aṣọ bo àwọn ìgò tí ó kù, mo sì ṣí wọn ní ìta lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò yọ àfọ́kù náà kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo gé orí rẹ̀ tí ó yọ síta, mo fi yanrìn-pépà ha á, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ kí n máa rí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni o máa ń sọ, pé kí haidirómítà sọ ohun kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí a tó fọwọ́ kan ìgò, èmi ni mo máa ń bá ọ jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó dùn. Mo fi ọwọ́ ara mi lọ́ páìpù bàbà mítà 10 yí agolo gáàsì po, títí ó fi rí bí ejò tí ó ká jọ, òun ni mo sì ń rì sínú ìkòkò nígbà tí iná bá kù bí ìṣẹ́jú 15, kí ooru náà lè pa kòkòrò ara rẹ̀. Bí mo bá ti pa iná, mo a jẹ́ kí omi tútù máa gba inú rẹ̀ kọjá, ogún ìṣẹ́jú kò sì ní í pé kí ọtí tó bọ́ sí 20°C. Ṣé o rántí ìgbà tí a máa ń gbé ìkòkò sínú ọpọ́n omi tí a sì ń ṣọ́ ọ títí di ọ̀gànjọ́? Títètè tutù tí ó ń tètè tutù báyìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọtí yìí tòrò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ a tètè dì, a sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Màmá mi ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e dáadáa. Àbúrò mi ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ajá wa bí mẹ́rin.

Mo ronú púpọ̀ lórí òfin tí wọ́n ṣe ní Bavaria ní ọdún 1516, èyí tí ó ní ọkà báálì, họ́ọ̀pù àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà. Wọn kò dárúkọ ìwúkàrà rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó di ọdún 1883 kí Emil Christian Hansen tó yọ ẹ̀yà ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé iṣẹ́ Carlsberg ní Dẹ́nímáàkì, tí ó sì tọ́ ọ títí ó fi pọ̀ tó láti pọn ọtí. Gbogbo ọdún tí ó wà láàárín yẹn, àwọn apọntí ń gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná sínú ọtí òní, nítorí ọwọ́ wọn mọ ohun tí ìwé wọn kò mọ̀. Bí ó ṣe rí láàárín èmi àti ìwọ gan-an nìyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí. Ìpọntí kọkànlá kù díẹ̀ káàtó. Bí mo bá gbé e mì, ó ń ta mí lọ́nà ọ̀fun díẹ̀, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan sì ń bá họ́ọ̀pù jà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ooru ni. Ìwúkàrà wa fẹ́ 18°C sí 20°C, ṣùgbọ́n ó ń mú ooru jáde bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní alẹ́ kejì, yàrá wà ní 21, ara àgbá sì wà ní 25. Aṣọ tútù ni o máa ń dì mọ́ ọn. Mo máa ń gbúròó ẹsẹ̀ rẹ nígbà tí o bá dìde lóru, n kò sì dìde rí láti wò ó. Mo ti gbìyànjú aṣọ náà fúnra mi: ara àgbá tutù dé 16, ìwúkàrà sùn lọ, ó sì gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tó jí i padà.

Jọ̀wọ́, kọ ọ́ fún mi. Wákàtí wo ni o máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ náà? Ṣé o máa ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lóru ni, àbí o kàn ń fọwọ́ kan ara àgbá láti mọ̀? Òru mélòó kí o tó ṣí i? Mo sì rántí pé ní ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn, o máa ń gbé àgbá náà lọ sí igun tí ó móoru. Mo gbà pé torí kí ìwúkàrà lè gbá adùn bọ́tà kúrò nínú ọtí ni, ṣùgbọ́n báwo ni o ṣe ń mọ̀ pé ọjọ́ náà ti tó? Má ṣe sọ pé kò ju ohun kékeré lọ. Bí o kò bá pọn ọtí mọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ rẹ yóò gbàgbé, kò sì sí ibòmíràn tí a kọ ọ́ sí.

Mo fi ìgò méjì pamọ́ fún ọ sínú páálí, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò lè dé. Mọ́ọ̀tì ìpọntí kejìlá ti wà nílẹ̀, kílò 4.5, ó ṣì wà ní hóró. N kò ní lọ̀ ọ́ títí èsì rẹ yóò fi dé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.