Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ rélùwéè lọ

Ẹ̀yin Bọ̀ọ̀dá mi,

Àná ni wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ yín ní Kàdúná. Orí fóònù ni mo ti bá wọn ṣe é. Ìyàwó yín gbé fóònù síwájú àwọn ààfáà, ariwo jẹnẹrétọ̀ bo àdúrà mọ́lẹ̀, mo kàn ń ṣe àmín níbi tí mo bá ti gbọ́ orúkọ yín. Nígbà tó parí, mi ò lè padà sídìí máṣíìnì. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀, mo fi í sílẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo forí lé téṣàn rélùwéè Òṣogbo wa níbí.

Ẹ mọ ibi tí mo lọ dúró sí. Ẹ̀yin náà lẹ fi mí síbẹ̀.

Koríko ti gba àárín irin. Páànù òrùlé ti dípẹtà, ewúrẹ́ mẹ́ta ń jẹ àpọ̀jẹ lábẹ́ rẹ̀, níbi tí Màámi máa ń gbé igbá ẹ̀kọ kalẹ̀ sí. Tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà bá ti fọn fèrè, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé igbá, èmi a gbé ike omi, ẹsẹ̀ mi kì í bá tiyín mu. Àwọn èrò á na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, Màámi á máa na ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sí wọn, ẹ̀yin á sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì san. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ Màámi ní gbèsè. Màá tún padà wá sórí ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn.

Àwọn ọmọkùnrin kan tó ń tajà nítòsí ibẹ̀ ní kí wọ́n kúkú wó ilé náà, kí wọ́n fi kọ́ ìsọ̀, pé kò wúlò mọ́. Ara mi gbóná. Mo ní ṣé wọ́n mọ̀ pé 1907 ni irin yìí dé Òṣogbo, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tó wọ Ìbàdàn? Kò gba Iléṣà kọjá. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, ti ń gba ẹrù aṣọ wọn, ọ̀dọ̀ wa ni kòkó Ìjẹ̀ṣà ti ń wọ wágùn lọ sí Èkó. Ká ní irin yẹn ò yà sọ́dọ̀ wa ni, ọjà tí wọ́n ń ná yìí ì bá má tó báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìyá, èyí tó lọ ti lọ.” Ó wù mí kí ẹ wà níbẹ̀ kí ẹ dá a lóhùn. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ nínú àwa méjèèjì.

Ìlú yìí kan náà ni Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó obìnrin tó di abọ̀rìṣà, ti dúró ti igbó Ọ̀ṣun, títí àjọ UNESCO fi kọ orúkọ igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n tún Ilé Jaekel ṣe, ilé rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, wọ́n sì kó fọ́tò àtijọ́ síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì páálí kékeré yẹn, fìtílà, àsíá àwọ̀ ewé àti pupa, àga gígùn. Ẹnì kan ṣì ní wọn nílé, ó dá mi lójú.

Mi ò ní ọkọ̀ tuntun ń bọ̀ o. Irin tí wọ́n ṣí ní 2021 láti Èkó, Ìbàdàn ló mọ. Àlàfo àárín irin rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ju tiwa lọ: mìlímítà 1,435 ni tibẹ̀, 1,067 ni tiwa, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ ò lè gun irin wa. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà Ọ̀ṣun, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ a máa kó èrò láti Èkó wá síbí tí ọdún bá dé, mo sì máa ń lọ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀. Mi ò retí ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń lọ wò wọ́n ni.

1978. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ẹ ní kí n sìn yín dé téṣàn, pé ẹ fẹ́ lọ fi báàgì kan rán ẹnì kan. A dúró lẹ́bàá òpó kejì. Ọkọ̀ Kánò dé. Ẹ bi mí bóyá owó wà lọ́wọ́ mi. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá tí Màámi ní kí n fi ra iyọ̀ wà létí ìró mi. Ẹ tú u, ẹ gbà á. Ẹ ní, “Dúró síbí, má yẹsẹ̀, jẹ́ kí n ra ọsàn wá.” Mi ò yẹsẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fàkàfìkì, fàkàfìkì, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́sàn ni mo ń wò. Mi ò wo ojú fèrèsé ọkọ̀ rárá. Bóyá ẹ juwọ́ sí mi. Bóyá ẹ tilẹ̀ pè mí. Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn nìyẹn láti ọjọ́ mẹ́jọ yìí, kì í ṣe ikú gan-an.

Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀. Bàbá tó ń gbé fìtílà sígínà ló fà mí lọ́wọ́ délé. Màámi nà mí nítorí owó iyọ̀, kí wọ́n tó wá mọ̀ pé ẹ ti lọ. Láti ọjọ́ náà wọn ò nà mí mọ́.

Ẹ wálé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin pẹ̀lú rédíò àti aṣọ. Ẹ wálé ìgbéyàwó mi, ẹ wálé ìsìnkú Màámi. Ẹ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò dárúkọ ọsàn rí. Èmi ò sì bi yín. Ẹni tó ń san owó ilé ìwé ọmọ ẹni, ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi bi í léèrè kọ́bọ̀ mẹ́wàá? Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ sọ ọ́. Ó yẹ kí ẹ sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí ẹ fi ní àyè.

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn wà nínú yàrá báyìí, ó ń di ẹrù. Kánádà ló ń lọ. Ilẹ̀ tí ẹ rà fún mi ní Òkè Baálẹ̀ ni mo tà sí i. Mi ò sọ fún yín, mo ní tí ẹ bá wálé ni màá sọ ọ́. Èmi náà fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n tẹ máṣíìnì pẹ́ mọ́, mi ò sì mọ ẹni tó máa máa san owó ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ní kí n má wulẹ̀ sin òun dé Èkó, pé ọ̀nà jìn, ká dágbére nílé. Mo ní rárá. Mo ní màá dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá ti ní kí n má kọjá, mi ò sì ní gbójú kúrò lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, kó tó lọ, ó máa bá mi gbé àdá àti ìgbálẹ̀ dé téṣàn. A fẹ́ ro ìdí òpó kejì yẹn. Kí àwọn ọlọ́jà yẹn máa wò wá.

Tí ẹ bá rí Màámi lọ́hùn-ún, owó iyọ̀ wọn ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá yẹn. Ẹ ṣàlàyé fún wọn.

Èmi àbúrò yín.